Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí gbogbo ilé ń lò: ṣé antivirus ni kí n fowó rà ni, àbí kí ni kí n ṣe?

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ilé wa ni. A ra tòkunbọ̀ kan láìpẹ́ yìí, HP ni, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, ara ẹ̀ mọ́ dáadáa, bátìrì ẹ̀ sì ń pẹ́. Gbogbo ilé la jọ ń lò ó. Àwọn ìbejì mi tó wà ní SS2 ń fi ṣe past questions JAMB, bàbá wọn ń fi kọ àkáǹtì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn torí òun ni akápò, èmi náà ń fi ta aṣọ òkè lórí Facebook àti Instagram, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń wọ báńkì mi láti wo ẹni tó ti sanwó. Ẹ wá rí i pé gbogbo ohun tá a ní ló wà nínú nǹkan kan ṣoṣo yìí.

Ẹni tó tà á fún wa ní òun ti bá wa fi gbogbo nǹkan sí i, Office wà níbẹ̀, antivirus tó ń lé fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, òun sì ti bá wa activate Windows. Ó wá kìlọ̀ gidi gan-an pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣe update láéláé, pé tó bá fi lè ṣe é gbogbo ohun tóun fi sí i máa bàjẹ́, àti pé update kàn ń jẹ dátà lásán ni. Nísinsìnyí antivirus yẹn ní òun ti expire, ojoojúmọ́ ló ń yọ sójú wa pé ká wá sanwó. Àbúrò ọkọ mi ní ká lọ ra èyí tó lówó lórí kí ọkàn wa lè balẹ̀, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ní Windows 10 gan-an ti kú, pé kò sí antivirus tó lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Owó tó wà nílẹ̀ ò pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí ló lè dúró díẹ̀? Ẹ bá mi ṣàlàyé ẹ̀ kó yé mi o, ẹ jọ̀ọ́.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé mà. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ lórí antivirus. Windows ní tiẹ̀ nínú, Microsoft Defender lorúkọ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kì í expire, iṣẹ́ tó ń ṣe sì tó fún ilé bíi tiyín. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tí antivirus mìíì bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, Defender máa ń fàyè sílẹ̀ fún un. Èyí tó ti expire tó ṣì wà níbẹ̀ yẹn wá dà bí ọdẹ tí wọn ò sanwó oṣù fún mọ́ tó ṣì jókòó pa sẹ́nu géètì, kò ṣọ́lé, ó sì lè má jẹ́ kẹ́lòmíì ráyè ṣọ́ ọ. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Apps, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ pa láptọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ tún un tàn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣí Windows Security kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé Defender ti dìde, ẹ má kàn gbà pé á dìde fúnra ẹ̀.

Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ làyà mi ti já nínú ọ̀rọ̀ yín o. Ibi tẹ́ ẹ ti ní wọ́n ní kẹ́ ẹ má ṣe update láéláé ni. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà crack, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣí sọ́fítíwíà láì sanwó, ló fi ṣí Windows àti Office yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní activator tàbí KMS. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe jẹun, mo ń rí i lórí èyí tó pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń gbé wá. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: Defender ò ní gbà kí activator yẹn wọlé, torí náà ẹni tó fẹ́ fi í sí i á kọ́kọ́ pa Defender, tàbí kó sọ fún un pé kó má wo fódà kan, kó tó wá fi crack rẹ̀ síbẹ̀. Tó bá parí, kò sẹ́ni tó ń rántí ṣí Defender padà tàbí yọ fódà yẹn kúrò. Ta ló ṣe activator ọ̀hún? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí ló tún dì mọ́ ọn? Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹni tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n ti ní kó kọjú sẹ́yìn yẹn. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn láptọ́ọ̀pù wa gan-an nìyẹn.

Ransomware (fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì èèyàn pa kó lè gbowó) kan wà tí wọ́n ń pè ní STOP tàbí Djvu. Kò wá báńkì lọ, kò wá ilé iṣẹ́ ńlá lọ, àwọn èèyàn tó ń lo kọ̀ǹpútà nílé ló dojú kọ, ọ̀nà tó sì ń gbà wọlé jù ni crack, keygen (èyí tó ń ṣe ayédèrú kọ́kọ́rọ́ sọ́fítíwíà) àti activator. Tó bá ti wọlé, á ti gbogbo fótò, Word, Excel, PDF pa, kò ní ṣeé ṣí, á wá ju fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ _readme.txt sílẹ̀ nínú gbogbo fódà, pé kẹ́ ẹ san dọ́là 980, àti pé tẹ́ ẹ bá tètè kàn sí àwọn láàárín wákàtí 72 àwọn á gba dọ́là 490. Ní October 2019, ilé iṣẹ́ Emsisoft gbé irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan jáde tó lè ṣí fáìlì tí oríṣi 148 nínú ẹ̀ tì pa, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rí fáìlì wọn gbà padà, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jáde lẹ́yìn ìgbà yẹn ò ṣeé ṣí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wá ro àkáǹtì ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ bàbá Ìbejì.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀ ṣá. Àwọn láptọ́ọ̀pù bíi HP, Dell, Lenovo tí wọ́n ti ń ṣe látìgbà Windows 8, ìyẹn ọdún 2012, tí Windows bá bá wọn jáde ní ilé iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ (product key) wà nínú motherboard wọn, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀ so mọ́. Tẹ́ ẹ bá fi ojúlówó Windows tuntun sí i, irú kan náà tó bá a wá, Home sí Home, Pro sí Pro, tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì á ṣí ara ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò tiẹ̀ nílò crack kankan látìbẹ̀rẹ̀! Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, wọ́n á fi crack ba ohun tí olówó ẹ̀ ti sanwó fún tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Activation, kẹ́ ẹ wo ohun tó kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ "digital license" ló kọ, kò burú. Tó bá kọ "your organization's activation service", nígbà tó jẹ́ pé ilé ni ẹ ti ń lò ó, KMS nìyẹn. Kẹ́ ẹ tún ṣí Windows Security, Virus & threat protection, Manage settings, ẹ sọ̀ kalẹ̀ títí dé Exclusions, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ ẹ kọ ọ́ síbí.

Office ò ní kó yín láyà sókè, LibreOffice wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣí Word àti Excel.

Ti Windows 10, ẹni yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ò parọ́. Microsoft dáwọ́ update ọ̀fẹ́ ẹ̀ dúró ní 14 October 2025. Àmọ́ wọ́n fi ọdún kan lé e fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀, ESU ni wọ́n ń pè é, ó ń lọ títí di October 2026. Inú Settings níbi Windows Update lẹ ti máa rí i. Tẹ́ ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tẹ́ ẹ sì gbà kó máa tọ́jú settings yín, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá láptọ́ọ̀pù yín lè gbé Windows 11. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7 nínú orúkọ processor ẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), tó bá jẹ́ 8 ló fi bẹ̀rẹ̀ bíi 8250U, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń gbà á. Tó bá jẹ́ 6 tàbí 7 ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ni ò ní gbà á.

Ọ̀dọ́_Mushin

Ẹ̀gbọ́n Atúnkọ̀ǹpútàṣe mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ ń dẹ́rù ba màmá yìí. Àtìgbà tí mo ti wà ní poly ni mo ti ń lo crack, Photoshop, CorelDRAW, Windows, gbogbo ẹ̀, kò sí fáìlì mi kan tí wọ́n tì pa rí, láptọ́ọ̀pù mi ń sáré bí iná. Ta ló fẹ́ máa fi dọ́là ra sọ́fítíwíà ní Nàìjíríà tá a wà yìí? Èèyàn kàn ní láti mọ ibi tó ti ń mú un ni.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ owó yẹn, mo mọ̀ ọ́n, n ò bá ẹ jà lórí ẹ̀. Àmọ́ "kò sí fáìlì mi tí wọ́n tì pa" kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ransomware ló ń pariwo. Èyí tó wọ́pọ̀ lóde báyìí kì í pariwo, wọ́n ń pè é ní stealer, irú RedLine àti Lumma. Á wọlé, á kó gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú bíráósà (bíi Chrome), á kó cookies, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó rán an, ẹlòmíì nínú wọn á tún pa ara ẹ̀ rẹ́, gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Láptọ́ọ̀pù á máa sáré bí iná lọ o. Tó bá wá di lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á gba Facebook ẹ, wọ́n á máa fi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí ẹ, ìwọ á máa sọ pé báwo ni wọ́n ṣe mọ páásíwọ́ọ̀dù mi.

Cookies yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fọkàn sí ẹ̀yin èèyàn. Òun ló ń jẹ́ kí Facebook tàbí Gmail mọ̀ pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀, kò ní máa bi yín ní páásíwọ́ọ̀dù lójoojúmọ́. Ẹni tó bá jí i kó lè wọlé láì mọ páásíwọ́ọ̀dù yín rárá, kódà kò ní béèrè nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Microsoft fúnra wọn kéde ní May 2025 pé láàárín 16 March sí 16 May ọdún yẹn, àwọn rí kọ̀ǹpútà Windows tó lé ní 394,000 tí Lumma nìkan ti wọ̀ káàkiri ayé. Oṣù méjì péré o. Àwọn àti àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ òkèèrè para pọ̀ gba bíi 2,300 àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ ò tán nílẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ àwòrán lo ń ṣe, GIMP, Krita àti Inkscape wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ó máa ń gba èèyàn lákòókò kó tó mọ́ ọn lára, òótọ́ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ní kó o pa Defender kó o tó lò ó.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Haa, ẹ ṣé gan-an ni, ọ̀gá. Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo ṣì ń lọ wo ibi Activation yẹn tí iná bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ dátà yìí, torí òun nìṣòro mi. Dátà ti wọ́n ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, MiFi kan ṣoṣo la sì ń lò nílé, nígbà kan tí mo fi gbà kó ṣe update lórí láptọ́ọ̀pù tá a ní tẹ́lẹ̀, dátà tó yẹ ká lò dé ìparí oṣù ló gbé mì lóru ọjọ́ kan. Ẹ ò wá rí i pé ẹni tó ní ká má ṣe é yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ́ sí mi létí.

Ọmọ_Ọ̀ṣun

Màmá, mo gbọ́ yín, gbogbo wa la ń jìyà dátà yìí. Ẹ má pa update, ńṣe ni kẹ́ ẹ dá ìgbà tó máa wá fún un. Ẹ tẹ orúkọ wáífáì MiFi yín nínú Settings, ẹ máa rí "Set as metered connection", ẹ tàn án. Ìyẹn á jẹ́ kí Windows mọ̀ pé dátà tí ẹ̀ ń rà ni, kò ní máa fa èyí tó pọ̀ jù nínú update wá láì gbàṣẹ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mọ̀ pé Tuesday kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé update ààbò jáde, torí náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ ra dátà òru, ẹ lọ tẹ Download fúnra yín kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ rí i pé láptọ́ọ̀pù ní iná dáadáa. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù nìyẹn. Èyí tí Defender ń lò láti dá fáírọ́ọ̀sì tuntun mọ̀ ò wúwo tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣí Windows Security lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tẹ "Check for updates" níbẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti fi sí metered, ó lè má fà á wá fúnra ẹ̀.

Dátà tí fídíò tó ń ṣíra ẹ̀ lórí Facebook ń jẹ nínú oṣù kan lè pọ̀ ju ti update ààbò lọ fíìfíì nínú ilé tí ọmọ SS2 méjì bá wà, ẹ pa autoplay yẹn, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Kẹ́ ẹ sì yí páásíwọ́ọ̀dù MiFi yẹn padà kúrò ní èyí tí wọ́n kọ sí abẹ́ ẹ̀.

Àǹtí_Peckham

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ update yìí torí London ni mo ń gbé, a sì rí i lójú ayé níbí. Ní 12 May 2017 ni ransomware kan tó ń jẹ́ WannaCry jà. Ẹ wò ó, Microsoft ti gbé update tó dí ihò yẹn jáde láti 14 March, bí oṣù méjì ṣáájú, ọ̀fẹ́. Àwọn tó ṣe é, kò wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn tí ò ṣe é, kò ní kí wọ́n tẹ lìǹkì kankan, fúnra ẹ̀ ló ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, ó ń ti fáìlì pa, ó ń béèrè dọ́là 300. Nínú àjọ ìlera 236 tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ní ní England, ó kéré tán 80 ló kàn, wọ́n sì rí àkọsílẹ̀ ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà 6,912 tí wọ́n ní láti wọ́gi lé. Èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tó kàn níbẹ̀, Windows 7 tí Microsoft ṣì ń gbé update fún nígbà yẹn ló wà lórí wọn, wọn ò kàn fi update yẹn sí i ni. Torí náà Ìyá Ìbejì, ẹni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe update láéláé yẹn, ẹ má gbọ́ tiẹ̀.

Nǹkan méjì kan tún wà tí mo máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí fóònù títí ó fi sú u. Èkíní, tí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣàdédé pupa, tó ń pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, ẹ pe Microsoft ní nọ́ńbà yìí, irọ́ ni. Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù síbi tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá pè é, ẹni tó gbé e á ní kẹ́ ẹ fi AnyDesk tàbí TeamViewer, tó ń jẹ́ kí ẹlòmíì máa darí kọ̀ǹpútà yín láti ọ̀nà jíjìn, sórí ẹ̀ kóun lè bá yín tún un ṣe, ẹ ti gbé ilé fún un nìyẹn. Ẹ pa bíráósà, tí ò bá gbà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ fipá pa á látibẹ̀.

Èkejì, èyí ló tuntun, òun ló sì ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Ẹ mọ ibi tí ìkànnì ti máa ń ní kẹ́ ẹ fi hàn pé èèyàn ni yín kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Òtítọ́ máa ń ní kẹ́ ẹ tẹ àwòrán tàbí kẹ́ ẹ fàmì sínú àpótí, kò jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ ayédèrú á ní kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kẹ́ ẹ wá tẹ Ctrl pẹ̀lú V, kẹ́ ẹ wá tẹ Enter. Ẹ ò ní rí i pé ìkànnì yẹn ti fi àṣẹ kan pamọ́ síbi tí copy máa ń wà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ sì ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é. Lumma tí ẹ̀gbọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn gba ọ̀nà yìí wọ ọ̀pọ̀ ilé. Kò sí ìkànnì gidi kankan tó ń ní kí èèyàn tẹ Windows àti R kó tó ka nǹkan. Ẹ sọ fún àwọn ìbejì, kí wọ́n sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

Àti aṣọ òkè yín tẹ́ ẹ̀ ń tà lórí Facebook, ẹ tan two-factor (nọ́ńbà kejì tó máa ń béèrè lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù) níbẹ̀ àti lórí Instagram, ẹ kọ́kọ́ tàn án lórí ímeèlì tẹ́ ẹ fi ṣí wọn ná, torí ẹni tó bá gba ímeèlì ti gba gbogbo ìyókù. Tẹ́ ẹ bá lè lo app bíi Google Authenticator dípò SMS, ó sàn, nítorí àwọn tó ń gba nọ́ńbà SIM ẹlòmíì.

Tíṣà_Ògbómọ̀ṣọ́

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní sẹ́kọ́ńdírì, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí àkáǹtì kan ṣoṣo wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn. Nínú Settings, Accounts, Family & other users, ẹ ṣí tàwọn ìbejì lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Standard, kó má jẹ́ Administrator. Bí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan tó máa wọnú Windows lọ sí i, á béèrè páásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ má sọ ọ́ fún wọn, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tó jẹ́. Kì í ṣe pé ọmọ burú. Ọmọ tó ń wá past questions JAMB lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń wá "expo", tó ń wá géèmù tí wọ́n ti crack, àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ó ń wá a, àwọn ló ń gbé e síbẹ̀ dè é.

Ẹ ṣí fódà kan, ẹ tẹ View, ẹ fàmì sí "File name extensions". Windows máa ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́ tẹ́lẹ̀, fáìlì tó ń jẹ́ chemistry.pdf.exe, chemistry.pdf nìkan lọmọ máa rí, á sì rò pé ìwé ni. Tó bá ti rí exe lẹ́yìn ẹ̀, sọ́fítíwíà tó máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ìwé, kó yáa pè yín. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní èyí kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun mìíràn.

Fláàṣì ńkọ́? Ibi ìtẹ̀wé tí gbogbo ayé ń ki fláàṣì bọ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá lè fi ìwé ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn tàbí WhatsApp wọn, ẹ má gbé fláàṣì lọ rárá. Tó bá di dandan, ẹ ní ọ̀kan tó jẹ́ ti ìtẹ̀wé nìkan, PDF nìkan ni kó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ilé tẹ́ ẹ wá rí i pé gbogbo fódà ti di shortcut, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì o, ìtẹ̀ yẹn gan-an ló ń mú un wọlé. Àwọn fáìlì yín ò sọnù, ó fi wọ́n pamọ́ ni. Ẹ fi ọ̀tún tẹ fláàṣì, ẹ ní kí Defender yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ wá fàmì sí "Hidden items" lábẹ́ View, ẹ máa rí wọn.

Ti bàbá Ìbejì, owó olówó ló wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n ra hard disk kékeré ti ìta tàbí fláàṣì tó dáa, kí wọ́n máa da àkáǹtì yẹn kọ síbẹ̀ ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì YỌ Ọ́. Èèyàn máa ń ra hard disk kó fi í sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ gbogbo, ransomware á sì ti òun náà pa mọ́ ìyókù. Kí wọ́n tún fi ọ̀kan sí Google Drive, GB 15 ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń tọ́jú bí fáìlì ṣe wà tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ 30, tí wọ́n bá tètè rí i pé nǹkan ti bàjẹ́ wọ́n lè mú ti àtẹ̀yìnwá padà.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ̀yin èèyàn mi, iná dé, mo ti wò ó. Níbi Activation, ohun tí ọ̀gá sọ gan-an ló kọ síbẹ̀, "your organization's activation service". Níbi Exclusions, nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá, ó kọ ọ́ pé C:\ tán, kò kọ nǹkan kan mọ́. Ṣé fódà ni ìyẹn? Nọ́ńbà i5 yẹn jẹ́ 8250U. Ọkọ mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, wọ́n ní kí n kí tíṣà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Mà, C:\ kì í ṣe fódà kan, gbogbo inú láptọ́ọ̀pù yín nìyẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún Defender ni pé kó má yẹ nǹkan kan wò níbẹ̀ rárá. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ra antivirus bílíọ̀nù, n ò lè gbọ́kàn lé ohun tó ti wọlé látìgbà yẹn mọ́. Ẹ má wọ báńkì lórí ẹ̀ mọ́ láti ìsinsìnyí. Ẹ mú fóònù yín, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù o, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì padà, lẹ́yìn ẹ̀ báńkì, lẹ́yìn ẹ̀ Facebook àti Instagram, kẹ́ ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti ń jáde lórí gbogbo ẹ̀rọ, ẹ tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló ń sọ cookies tí wọ́n bá ti jí di aláìníláárí. Bàbá Ìbejì náà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àti fótò nìkan ni kẹ́ ẹ dà kọ síta, ẹ má da exe kankan. 8250U máa ń gba Windows 11, torí náà ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa forúkọ sílẹ̀ fún ESU. Ẹ wá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó mọ́, kó lọ sí ìkànnì Microsoft gangan, kó bá yín fi Media Creation Tool da Windows 11 sórí fláàṣì 8GB, dátà tó máa jẹ ò ní jẹ́ tiyín. Tó bá béèrè product key, ẹ tẹ "I don't have a product key". Tó bá dé ibi tó ń fi àwọn drive hàn yín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ pátápátá, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ síbí kẹ́ ẹ tó tẹ Next, mo wà níbí títí di agogo mẹ́wàá alẹ́.